Ohun Ọ̀fẹ́ Tó Ṣe É Gbé Wọ Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama sọ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, lásìkò ìsinmi táàmù kẹta. Mo ti yọ àwàdà tí kò yẹ ká tẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ọjọ́ọ̀ àti Mọ́níyà wá, ẹ kú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà. Ẹni tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun èlò ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwa olùkọ́, ó sì fi kún un pé kí n mú orúkọ bí àádọ́ta dání kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan kọ sínú ìwé. Mi ò mú àádọ́ta wá o. Ẹni tó bá ń wá àádọ́ta, kó bi Google, yóò rí ẹgbẹ̀rún, ilẹ̀ á sì ṣú kó tó lo ìkankan nínú wọn. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì tiwa ni mo mú wá. Kíláàsì tiwa ni mo wí: ọmọ àádọ́rin, bọ́ọ̀dù kan, fóònù olùkọ́ nìkan, iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí nílùú yìí. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, wọ́n ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV níhìn-ín ní Ìbàdàn. Lára àlàyé tí wọ́n ṣe lórí owó tí wọ́n ná sí i ni pé olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò kárí, àti pé tẹlifíṣọ̀n lè gbé olùkọ́ kan dé ilé-ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò náà dára. Àmọ́ ilé-ìwé tí kò ní tẹlifíṣọ̀n, tí kò sì níná, kí ló fẹ́ rí wò? Ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ṣì wà lónìí. Ẹ̀kọ́ ti pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí afẹ́fẹ́, bó ṣe máa bọ́ sílẹ̀ kó dé iwájú ọmọ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ná, torí mo ti rí i tí ojú àwọn kan ti ń bi mí léèrè. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi kún owó ìpè àti dátà, ó lè tó ìdá 50 nínú 100. Kò sí olùkọ́ tí wọ́n fi ìdá 50 kún owó oṣù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ohun kan jẹ́ ọ̀fẹ́, ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni iye dátà tó máa jẹ. Ohun ọ̀fẹ́ tó ń béèrè dátà lójoojúmọ́, gbèsè ni. Èyí tí mo lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóru, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, tí mo sì lè lò fún ọdún mẹ́ta láìtún tan dátà, ìyẹn ni mo ń pè ní ọ̀fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn yín kì í ṣe áàpù rárá. Orí ìkànnì WAEC Nàìjíríà ló wà, lẹ́ka tí wọ́n pè ní e-learning. Ìbéèrè ọdún tó ti kọjá wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn, wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀. Ohun tí a máa ń fò kọjá ni ìròyìn tí ọ̀gá àwọn tó ń ṣe máàkì ń kọ lẹ́yìn ìdánwò, Chief Examiner's Report. Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ bí àwọn ọmọ ṣe dáhùn, ibi tí wọ́n ti gbé e gba ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ṣìnà, àti ìdáhùn tí wọ́n ń retí. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò jẹ dátà.

Ẹ ka ti ìṣirò tẹ̀ léra wọn fún ọdún mélòó kan. Orin kan náà ni ẹ ó máa gbọ́. Àwọn ọmọ kò lè sọ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè di ìṣirò. Wọ́n yà gíráàfù tán, wọn kò lè ka iye jáde nínú rẹ̀. Wọ́n ń sá fún jiọ́mẹ́tírì, pàápàá circle theorem, ìyẹn àwọn òfin igun inú róbótó. Tí ẹ bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ka ìtọ́sọ́nà ìbéèrè. Mo mọ olùkọ́ tó ti ń kọ́ni lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí kò tíì ka ìròyìn yìí rí, tó sì ti dáńlóòdù áàpù tí fóònù rẹ̀ kò fi lè mí mọ́. Ibi tó ń dun ọmọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká tó lọ wá oògùn. Ẹni tó mọ̀ pé circle theorem ni kíláàsì òun ti ń ṣubú, ó ti mọ ohun tó ń wá. Ẹni tí kò mọ̀, gbogbo áàpù ló máa wù ú.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú circle theorem náà. Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní GeoGebra. Markus Hohenwarter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001 ní Yunifásítì Salzburg lórílẹ̀-èdè Austria, ọ̀fẹ́ sì ni fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá ti gbà á sórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹ ya róbótó kan. Ẹ fi A àti B sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ fi C sókè. Ẹ fa ìlà láti A àti B lọ sọ́dọ̀ C, kí ẹ tún fa méjì mìíràn láti A àti B wá sí àárín gbùngbùn. Ẹ ní kó wọn igun méjèèjì fún yín. Ká ní ti àárín jẹ́ 84, ti C á jẹ́ 42. Ẹ wá fi ìka tẹ C, kí ẹ máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ lórí etí róbótó náà. Ìlà kan ń gùn, èkejì ń kúrú, gbogbo àwòrán ń yí, àmọ́ 42 kò mira. Ẹ gbé C sún mọ́ A pẹ́kípẹ́kí, 42 náà ni. Àfìgbà tí ẹ bá gbé e kọjá A bọ́ sí ìsàlẹ̀, ni nọ́ńbà bá fò di 138. Ọmọ tó bá pariwo pé "Ha, sà, kí ló dé?" ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú ẹ̀kọ́ tó kàn, torí 42 àti 138 jẹ́ 180. Ẹ ò tíì kọ lẹ́tà kan sójú bọ́ọ̀dù.

Mo gbọ́ ẹni tó ń kùn lẹ́yìn pé ọmọ àádọ́rin kò lè wo fóònù kan. Òótọ́ ni. Ẹ má gbé fóònù náà lọ gbé e bọ̀ láàárín kíláàsì, wọ́n á jà sí i, yóò sì já bọ́. Ọ̀nà méjì ló wà tí mo ti rí i tó gbà ṣiṣẹ́. Ẹ lè pín wọn sí ọ̀wọ́, kí àwọn kan máa fi okùn àti páálí ṣe tiwọn nílẹ̀ nígbà tí ọ̀wọ́ kan bá wà lọ́dọ̀ fóònù. Èkejì ló wù mí jù: kí olùkọ́ lò ó nílé fúnra rẹ̀ títí yóò fi yé e dénú, kó wá fi ṣọ́ọ̀kì ya róbótó ńlá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pápá, kí ọmọ mẹ́ta jẹ́ A, B, C, kí okùn wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ohun èlò ọ̀fẹ́ yìí, olùkọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́. Kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ó kàn yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà, Carl Wieman, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001. Ó mú lára owó náà, ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Yunifásítì Colorado ní Boulder ní 2002, wọ́n ń pè é ní PhET. Láàbù tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni: iná mànàmáná, pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ásíìdì àti béèsì, ìdá nínú ìṣirò, oríṣiríṣi. Ẹ lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í tóbi, bí ẹ bá sì ti gbà á, ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́, á ṣí bí ìgbà tí ẹ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti iná. Ẹ ó rí bátìrì, wáyà, gílóòbù àti súìṣì lápá kan. Ọmọ á fi ìka fà wọ́n wá sáàárín, á so wọ́n pọ̀. Bí ojú ọ̀nà bá pé, gílóòbù á tàn, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì máa rìn nínú wáyà. Bó bá fi bátìrì kún bátìrì, wọ́n á sáré sí i. Ọmọ tó bá wá fi wáyà so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ láìsí gílóòbù láàárín, iná á sọ lórí bátìrì náà, ọwọ́ iná gidi, lójú gíláàsì. Kíláàsì á hó yèè. Lọ́jọ́ náà ni "short circuit" á bọ́ lójú ìwé, tí ọmọ á sì rántí wáyà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn so pọ̀ mọ́ra lẹ́yìn ilé. Mo sì fẹ́ kó rántí rẹ̀, torí àwọn ọmọ wa ń fi ọwọ́ kan wáyà jẹnẹrétọ̀ nílé lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí pírínsípà má gbọ́ èyí kó wá sọ pé kò sídìí láti ra ámítà, ẹ̀rọ tó ń wọn iná, mọ́. Ọmọ tó fẹ́ ṣe práktíkà WAEC gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di kòkó, kó fi ojú ara rẹ̀ ka ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí. PhET ń jẹ́ kí èrò yé e. Kò ní fún un ní ọwọ́ tí kò gbọ̀n.

Ìdánwò kékeré nínú kíláàsì ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí èyí rí ni wọ́n ti fi Kahoot hàn, eré ìbéèrè tí àwọn ará Norway gbé jáde ní 2013. Ó dára, ó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó fẹ́ kí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ọmọ, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé-ìwé aládàáni ní Bódìjà tí òbí ti ra táblẹ́ẹ̀tì, ẹ lò ó, ẹ máa gbádùn yín. Olùkọ́ tó wà ní Ọjẹ tàbí Bẹẹrẹ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá gbọ́ ti Plickers.

Plickers kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ ju bébà kan lọ. Ẹ ó tẹ káàdì sórí bébà láti orí ìkànnì wọn, ogójì ni ìdì tó wọ́pọ̀, ìdì kan sì wà tó jẹ́ 63. Àwòrán dúdú kan báyìí ló wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, igun rẹ̀ mẹ́rin ò dọ́gba, kò sì sí méjì tó jọra. Lẹ́tà A, B, C, D wà létí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wínńiwínńi. Ẹ ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọmọ tó rò pé B ni ìdáhùn á yí káàdì rẹ̀ kí B lè wà lókè, á gbé e sókè. Ẹ ó wá gbé fóònù yín, ẹ ó fi kámẹ́rà rẹ̀ wo kíláàsì láti ọ̀tún dé òsì bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ya fídíò. Áàpù náà á ka gbogbo káàdì, á sọ ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á. Ọmọ kò lè jí ẹnìkejì wò, torí káàdì ẹnìkejì kò jọ tirẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré jù. Ó fẹ́ dátà díẹ̀, díẹ̀ náà ni. Ohun tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní ààlà, mo sì rò pé ó tó fún ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún ní ìparí ẹ̀kọ́. Ẹ tẹ káàdì náà sórí bébà tó nípọn ní Agbowó, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òógùn ọwọ́ ọmọ á jẹ ẹ́ tán kí táàmù tó parí.

Ohun tí mo sì fi ń gbádùn rẹ̀ ni pé ọmọ tí kì í nawọ́ á dáhùn. Gbogbo wa la mọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Títí táàmù á fi parí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ó yé e.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Kolibri, ohun èlò tó ń kó ẹ̀kọ́ pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí òun gan-an ló mú mi gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin náà mọ yàrá kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba. Aṣòfin kan gbé kọ̀ǹpútà wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹnì kan. Tí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kolibri kò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ Learning Equality ló ṣe é. Ní 2012 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KA Lite, ọ̀nà láti lo ẹ̀kọ́ Khan Academy, àwọn fídíò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti Amẹ́ríkà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, Kolibri sì ló rọ́pò rẹ̀. Ẹ ó fi sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ ó kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yálà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí láti inú flash ẹlòmíràn. Fídíò Khan Academy wà níbẹ̀, PhET wà níbẹ̀, ìwé ìtàn ọmọdé wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù á fi Wi-Fi so mọ́ ọ̀kan yẹn, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì máa ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ráútà tí kò ní dátà kankan nínú tó fún un. Olùkọ́ lè yan iṣẹ́ fún kíláàsì, kó sì rí ẹni tó ṣe é àti ibi tó ti há.

Mo ní ìkìlọ̀ kan lórí rẹ̀. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Yóò kún kọ̀ǹpútà yín fọ́fọ́, àwọn ọmọ á sì máa rìn nínú rẹ̀ láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ mú sikíìmù táàmù yín dání, kí ẹ yan fídíò tó bá ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu, kí ẹ kó ìyẹn nìkan. Ohùn inú fídíò náà, ti Amẹ́ríkà ni, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò. Ẹ dá a dúró lágbedeméjì, kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé, kí ẹ sọ dọ́là di náírà.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, kó wo Nigeria Learning Passport, tí UNICEF àti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2022. Ó ṣeé lò láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Kiwix náà wà, èyí tó ń gbé Wikipedia wá sórí fóònù tàbí flash. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju gígábáìtì 90 lọ, ẹ má dán an wò lórí fóònù. Ti Yorùbá kéré gan-an, àyọkà rẹ̀ sì ti ju 30,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà kan tàbí méjì. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kí a gba nǹkan sílẹ̀ rèé. Ní 2020 tí wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí Kòrónà, ọ̀pọ̀ wa sáré kó nóòtì, iṣẹ́ àṣetiléwá àti máàkì sínú ohun ọ̀fẹ́ tó wà nígbà náà. Edmodo, ìkànnì tí olùkọ́ àti ọmọ fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wà lára wọn. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2022 ni wọ́n tì í pa. Jamboard ti Google, bọ́ọ̀dù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìparí 2024 ló lọ. Flip tí àwọn olùkọ́ fi ń gba fídíò lọ́wọ́ ọmọ, oṣù Keje 2024 ni Microsoft mú un kúrò gẹ́gẹ́ bí áàpù tó dá dúró. Wọ́n sọ fún èèyàn ṣáájú, mi ò ní kí wọ́n má sọ. Àmọ́ ilé àyágbé ni, onílé lè ní kí ẹ kó ẹrù yín. Ohunkóhun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ, ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú flash, kí ẹ sì tún ní ìkejì níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníwèé kàn wá nílùú yìí ju ibòmíràn lọ. Jẹ́ríkò níbí ni University Press, HEBN àti Evans wà, àwọn tí a fi ìwé wọn kàwé. Láti inú Òfin Ẹ̀tọ́ Oníwèé ti 2022, gbígbé odidi ìwé wọn fún fọ́tòkọ́pì tàbí kíkó PDF rẹ̀ sí WhatsApp kíláàsì kò bófin mu, kódà bí a kò bá gba kọ́bọ̀. Ohun tí àwọn mìíràn ti fi ọwọ́ ara wọn yọ̀ǹda wà lọ́tọ̀. Ẹ máa wo àmì CC nísàlẹ̀ ojú ìwé. Láti 2002 ni ìwé àṣẹ Creative Commons ti wà. BY túmọ̀ sí pé kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. NC, ẹ má tà á. ND, ẹ má yí i padà, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ẹ kò lè tú u sí Yorùbá. SA, bí ẹ bá tún un ṣe, kí ẹ fi àṣẹ kan náà tu ú sílẹ̀. Lẹ́tà méjì méjì yìí ló yẹ kí olùkọ́ mọ̀ kó tó tẹ ohunkóhun.

Ibi tí lẹ́tà wọ̀nyẹn ti wúlò jù fún wa ni ìwé ìtàn. African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà gbé kalẹ̀ ní 2014, àti StoryWeaver tí Pratham Books ní Íńdíà ṣí ní 2015, kún fún ìwé aláwòrán fún ọmọdé, Yorùbá sì wà lára èdè wọn. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè kà á láìsí dátà lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á. Ẹ tún lè mú ìtàn tó wà ní èdè mìíràn, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá lábẹ́ àwòrán kan náà. Àwọn kan nínú ti Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò ní àmì ohùn dáadáa. Ẹni tó bá rí i tó bínú, kó bínú dé ìdí bọ́tìnnì. Yorubaname, ìkànnì ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé alámì ohùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, Gboard, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Google, sì ní Yorùbá fún fóònù. Dókítà Túndé Adégbọlá àti Alt-i, àjọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Áfíríkà, níhìn-ín ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa kọ Yorùbá kó sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ìwé ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì tó tó fún un kò sí nílẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìbàdàn lónìí, bọ́tìnnì ń bẹ lọ́wọ́ yín, àwòrán ń bẹ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ ṣe, ẹ lè fi ìsinmi kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní bẹ̀ yín lórí ìyẹn. Mo kàn ń sọ ohun tó wà ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ bíi ChatGPT, mo mọ̀ pé ẹ ń retí rẹ̀. Ẹ lè ní kó gbé ìbéèrè ogún kalẹ̀ fún yín, yóò ṣe é kí ẹ tó mu omi tán. Ẹ wá jókòó kí ẹ yanjú ogún náà fúnra yín, torí ó máa ń fi ìgboyà sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Àmì ohùn Yorùbá rẹ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ó tán.

Ìkan kù. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ, fọ́tò rẹ̀ àti nọ́ńbà òbí rẹ̀ sínú gbogbo fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ bá rí. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó gba ìsọfúnni ọmọdé. Nínú Plickers tàbí Google Forms, nọ́ńbà inú réjísítà tó. Olùkọ́ nìkan ló mọ̀ pé 17 ni Àjọkẹ́.

Ìyá kan níwájú ní kí n dáhùn tòun ká tó lọ. Wọ́n ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa sanwó dátà àkọ́kọ́ yẹn? Pírínsípà wa kò ní dá a lóhùn." Ẹ̀yin Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má lọ bá a pẹ̀lú ìbéèrè dátà. Ẹ tẹ ojú ìwé méjì péré láti inú ìròyìn WAEC lórí iṣẹ́ yín, kí ẹ fi ìlà sábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣubú, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀, kí ẹ wá sọ pé ohun kan wà tó lè ràn wá lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan la sì máa gbà á. Pírínsípà tó mọ̀ pé àwọn òbí á béèrè èsì ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀ á gbọ́. Bí kò bá sì gbọ́, ẹ kó ara yín jọ, olùkọ́ mẹ́rin láti ilé-ìwé mẹ́rin, kí ẹnì kan gbà á, kí àwọn mẹ́ta tó kù fi flash kó o.

Torí náà ni mo ṣe mú láptọ́ọ̀pù yìí wá. Kolibri wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò JSS àti SS, PhET mélòó kan, àwọn ìtàn Yorùbá, àti káàdì Plickers tó ti wà ní sẹpẹ́ fún títẹ̀. Ẹni tó bá ní flash tó tó gígábáìtì 32, kó mú un wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá ní vírọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ tò sápá òsì, àwọn àgbà kọ́kọ́ bọ́ síwájú, jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, epo inú rẹ̀ á gbé wa dé aago mẹ́rin.